Alásè Ajá Tí Kò Gbọdọ̀ Dáná

Ó-Jinná ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbi iṣẹ́, nítorí láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń se oúnjẹ nílé ọ̀gá rẹ̀, nǹkan tí kò jinná kò tọwọ́ rẹ̀ jáde rí. Ẹyin gan-an, tí ẹ bá ní kí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, á ní kẹ́ ẹ kúkú lọ jẹ ẹ́ lábẹ́ adìyẹ. Ẹnu rẹ̀ mú, mo mọ̀. Ilé kan náà la ti kọ́ ọ.

Ọ̀gá rẹ̀, opó olówó kan, ní ajá ńlá kan tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ní Ọ̀gá Kékeré. Lọ́jọ́ kan, màdáámù ti ìpàdé àwọn ọlọ́jà—rárá, àwọn olólùfẹ́ ajá ni mo fẹ́ wí—dé, ó ní iná ló ń ba oúnjẹ ajá jẹ́. Láti ọjọ́ náà, tútù ni Ọ̀gá Kékeré yóò máa jẹ gbogbo nǹkan: ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ọrùn adìyẹ teegunteegun.

"Alásè ni mí, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí ni mo wá fẹ́ máa ṣe?"

"Kí o máa gé e, kí o máa wọ̀n ọ́n."

Ó wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, àánú ajá náà ṣe é. Bí màdáámù bá ti jáde báyìí, á da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, á bọ̀ ọ́ dáadáa, á jẹ́ kó tutù, á sì gbé e fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín lẹ fi ń ṣeré yìí o."

"Ta ló máa sọ? Ajá?"

Ara ajá wá ń dán yọ̀yọ̀, màdáámù bá di olùkọ́. Ní gbogbo Sátidé, àwọn aládùúgbò tó lájá á kún pálọ̀ rẹ̀ láti kọ́ nípa oúnjẹ tútù. Ẹ̀gbọ́n mi á máa gbé omi fún wọn, á dorí kodò.

Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ́yìn yọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í pọ itọ́ ẹlẹ́jẹ̀. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

"Egungun ló há a lọ́fun," ni dókítà wí. "Egungun tútù kì í sábà fọ́ ṣóńṣó báyìí. Ṣé wọ́n sè é ni?"

"Láéláé!" ni màdáámù dáhùn. "Ajá mi kì í jẹ ohun tó rí iná."

"Ẹ rò ó dáadáa o. Tó bá jẹ́ pé wọ́n sè é, àfọ́kù rẹ̀ lè ti dé ikùn. Mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Kò mọ iṣẹ́ míì. Ó wo ajá náà lórí tábìlì.

"Èmi ni mo sè é, Dókítà. Oṣù mẹ́jọ nìyí."

Dókítà yọ àfọ́kù kan lọ́fun, ó yọ méjì níkùn, ajá náà sì yè. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. Màdáámù ò jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Àbúrò mi nìkan, mà."

"Kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Láti ọ̀la, máa yọ egungun, kó o máa sè é lọ. Tó bá di Sátidé, gbé tútù síwájú ẹ̀ káwọn èèyàn rí i."

Ẹkún ni ẹ̀gbọ́n mi ń sun délé. Mo ní, "Kí lẹ̀ ń sunkún sí? Wọn ò kúkú lé yín."

Ó ní, "Ká ní wọ́n lé mi ni, ǹ bá gbà pé wọ́n fẹ́ràn ajá náà."