Ohùn Àgbà Oníhò

Elétí Ehoro ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ gùn ju ti ẹlòmíràn lọ. Kò sí iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ tí kì í dá dúró láàárín kan kí ó tẹ́tí sígbó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọjọ́ tí ọkùnrin bá dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, yóò ní kí onítọ̀hún panu mọ́ ná, bàbá òun ń bọ̀ lọ́nà.

Bàbá náà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Tàkúté ni ó ń dẹ nínú igbó ẹ̀yìnkùlé wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ọ̀fun gbogbo ilé gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ fi ń di wúńdíá, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló kù tí bàbá lè fi ojú yà sọ́tọ̀. Síbẹ̀, kò jókòó. Ó ní ojú òun ló fọ́, ikùn òun kò fọ́. Gbogbo igi ńlá ojú ọ̀nà rẹ̀ ló sọ lórúkọ, bí ó bá sì ti dé ìdí ọ̀kan, a fi ẹ̀yìn àdá gbá a. Abaralíle a dún ganran. Àgbà Oníhò, tí inú rẹ̀ ti jẹrà tán, a dún gbuuu bí ìkòkò òfìfo. Bàbá ń fi ohùn wọn mọ ibi tí ó dé. Ọmọ ń ti ilé gbọ́, ó ń fi ọkàn bá a rìn. Àgbà Oníhò ló ṣe pàtàkì jù, nítorí bèbè ọ̀gbun ló dúró sí. Bí bàbá bá ń bọ̀ wálé, ìdí rẹ̀ ni yóò ti yà sọ́tùn-ún, lọ síbi tí ẹsẹ̀ ti lè la ọ̀gbun náà kọjá.

Lẹ́yìn náà ni àwọn agégẹdú dé. Igi ń lọ, ẹranko ń tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀bọ tí ń yínmú sí ọmọ náà láti òkè kó lọ, wọn kò dágbére. Ẹtu di ohun tí à ń ròyìn. Ìyá a bu omi púpọ̀ sí ìkòkò, kí ó lè dà bí ẹni pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń dẹ́rù ba ọmọ ju ebi lọ ni pé ìró tí ó ń gbọ́ ń dín kù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá bẹ bàbá kí ó má lọ, nítorí ariwo ẹ̀rọ ìgégi ti súnmọ́ tòsí. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Àgbà Oníhò ṣì wà níbẹ̀. Igi tí inú rẹ̀ ti jẹrà, kí ni agégẹdú fẹ́ fi í ṣe? Àbí pákó afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́ là?"

Ó gbé àdá, ó lọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ilẹ̀ fi mì tìtì, tí àwo mì lórí pẹpẹ. Elétí Ehoro bẹ́ síta. Ìyá kò tíì pè é tán tí ó ti dójú ọ̀nà.

Àgbà Oníhò ló bá nílẹ̀. Àwọn agégẹdú kò fẹ́ pákó lára rẹ̀. Afárá ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe, kí wọ́n lè máa yí gẹdú kọjá. Kùkùté rẹ̀ wà lódìkejì, ara rẹ̀ nà gbalaja lórí ọ̀gbun, orí rẹ̀ sì wà níhà ilé, níbi tí ọmọ dúró sí. Bàbá kò sí nítòsí. Ọmọ gbé òkúta, ó fi lu igi náà láti pe bàbá. Gbuuu.

Ọ̀gá àwọn agégẹdú, tí ó jókòó tí ó ń mu omi, wò ó. "Ọmọ yìí, ṣé kí a dìde jó ni?"

Ọmọ tẹ́tí sígbó. Láti ọ̀nà jíjìn, Abaralíle dún ganran. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún lu igi, ó tún lù ú. Ó ti rí fìlà bàbá láàárín igbó kí ó tó mọ ohun tí òun ń ṣe. Bàbá gbà pé Àgbà Oníhò ṣì dúró. Títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kan ara igi, kò ní yà. Ọ̀gbun ló sì wà láàárín bàbá àti ìró náà.

Ó ju òkúta nù, ó figbe bọnu. Àkókò yẹn gan-an ni ẹnìkan tún fa okùn ẹ̀rọ, ariwo rẹ̀ sì gbé ohùn ọmọ mì. Bàbá ń bọ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá igi rẹ̀.

Ọmọ gun igi náà, ó sá lórí rẹ̀ kọjá lókè ọ̀gbun. Èèpo ń yọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wo ìsàlẹ̀. Ọwọ́ tí bàbá nà yẹn ló ń wò. Ó fò sílẹ̀ nídìí kùkùté, ó sì dì mọ́ bàbá ní ìbàdí nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tú yẹ̀pẹ̀ bèbè sísàlẹ̀.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ọ̀gá agégẹdú ti dìde, omi rẹ̀ ti dànù.

"Ta ló ń lu igi mi?" ni bàbá bi í.

"Èmi ni, Bàbá."

"Igi náà ńkọ́?"

Ọmọ fa ọwọ́ bàbá lé kùkùté. Bàbá fi ìka yí i po, díẹ̀díẹ̀, títí dé ihò àárín rẹ̀. Oje igi lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà ilé, bàbá ń gbé àdá sókè níbi tí igi kọ̀ọ̀kan ti wà tẹ́lẹ̀, ó ń gbá afẹ́fẹ́, ó sì ń rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bàbá kò wọ igbó mọ́. Ọmọ ló ń lọ báyìí, ó ń ṣa igi ìdáná nínú ẹ̀ka tí wọ́n gé jù sílẹ̀. Kò sí igi tí ó lè gbá, nítorí náà ó so ọkọ́ ògbólógbòó kan mọ́ ìbàdí, ó ń fi òkúta lù ú bí ó ti ń rìn. Ẹnu ọ̀nà ni bàbá ń jókòó sí. Bí ìró ọkọ́ bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún dún, àwọn aládùúgbò yóò rí i tí ó dìde, tí ó ń táràrà wá àdá rẹ̀.