Ọwọ́ Tó Ń Bó Ẹ̀gúsí

Bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó, tíṣà tó kọ́ mi ní Òkè-Ìmẹ̀sí ni mo máa ń rántí. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ìwé ìtàn tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ló máa ń kà sókè fún ìyàwó rẹ̀, bí ìyẹn ti ń bó ẹ̀gúsí. Kì í wo ojú ìyá náà, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Ìwé tí kò bá dá ọwọ́ yìí dúró, ẹ lọ fi wé àkàrà," ni tíṣà máa ń wí.

Mo gbé ìwé ìtàn ìfẹ́ tí mo kọ lọ fún un, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà lábẹ́ tábìlì. Ó kà á dé ibi tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ ti padà sílé. Ọwọ́ ìyá dúró.

"O yege," ni tíṣà wí.

Nígbà tí àwọn onífíìmù tó ń sọ ìwé náà di fíìmù fẹ́ yọ ibẹ̀ kúrò, mo ta kú. Wọ́n yà á ní Ikogosi.

Lẹ́yìn ìsìnkú tíṣà, mo fi fíìmù náà han ìyá lórí fóònù mi. Ibẹ̀ dé, ó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí lọ.

"Màmá, ibi tí ẹ dáwọ́ dúró sí lọ́jọ́sí nìyẹn."

"Ọmọ mi, èmi kì í fetí sí ìwé. Èémí tíṣà rẹ ni mo máa ń fetí sí. Bó bá ti fẹ́ há, ọwọ́ mi á dúró."

Mo pa fóònù, mo bu ẹ̀gúsí díẹ̀, mo bá a bó o.