Ẹ̀yìn Àwo

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?" Ohun tí Àlàájà máa ń bi mí nìyẹn bí mo bá ń bá wọn fọ àwo nílé wọn ní Ghulail, ní Jẹ́dà. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Wọn ò lọ́kọ, wọn ò sì bímọ. Likáfàní wọn ti wà nínú àpótí tipẹ́, wọ́n ti fi omi Sámúsámù láti Mẹ́kà fọ̀ ọ́. Obìnrin tó máa wẹ òkú wọn nìkan ló kù tí wọ́n ń wá. Kò sí obìnrin tó máa wọlé tí wọn ò ní gbé àwo tó dọ̀tí síwájú rẹ̀.

Ìyàwó dókítà kan fọ tirẹ̀ wàràwàrà. Nígbà tó lọ tán, Àlàájà mi orí. "Ọwọ́ ẹ̀ yá jù. Bí mo bá ti kú tán, ibo ni mo tún ń kánjú lọ?"

Lọ́jọ́ kan, wọ́n yẹ ẹ̀yìn àwo tí mo fọ̀ wò, wọ́n ní, "Ìwọ ni." Mo bú sẹ́kún.

"Tóo bá sunkún tán, fọ ìkòkò yẹn."

Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, obìnrin tó ń bá mi da omi ní ó ti tó, ká gbé likáfàní wá.

"Ẹ dúró ná," mo ní. "Ẹ̀yìn etí wọn ńkọ́?"