Ìkìlọ̀ Tí Kò Jáde

Bàbá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Òun ló ń kọ àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ ìwé pélébé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì: orúkọ aláìsàn, wọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lẹ́yìn náà oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀.

Àṣẹ tí wọ́n ń pè ní echo ló ń lò. Ohun tí èèyàn bá kó fún echo ló yẹ kó gbé jáde, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà kan kọ́ ló ń ṣe lórí òmíràn. Bàbá Kọ̀ǹpútà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé àṣẹ mìíràn tó ń jẹ́ printf kì í yí padà, ó sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun á pààrọ̀ rẹ̀. Òní, ọ̀la. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé, ó fi bẹ́ẹ̀dì d dán an wò, gbogbo rẹ̀ jáde, ló bá gbalé lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó pààrọ̀ o!

Ilà tó fì sẹ́yìn ni àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ máa ń fi sáàárín wọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì, bíi 4\d. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun yìí, bí lẹ́tà c bá tẹ̀ lé irú ilà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni echo máa panu mọ́ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì c ní wọ́ọ̀dù 4 ni wọ́n tẹ́ ẹ̀gbọ́n Bàbá Kọ̀ǹpútà obìnrin sí, èyí tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan sì wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà kan rí.

"Ṣé o ti sọ fún wọn nípa abẹ́rẹ́ yẹn?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà."

"O ò wá fẹnu sọ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà! Kí ni mo wá ń jẹ́ Bàbá Kọ̀ǹpútà fún?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó gbà á gbọ́, torí òun ló rán an níléèwé.

Ìwé tó jáde ní orúkọ rẹ̀ àti 4. Ìyókù funfun báláú. Nọ́ọ̀sì wò ó, kò rí ìkìlọ̀ kankan, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ náà. Kí dókítà tó sáré dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Kọ̀ǹpútà padà sí ọ́fíìsì, ó pa echo rẹ́, ó fi printf sí i. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi dán an wò. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀, tòun ti ìkìlọ̀, láìku lẹ́tà kan.

Nọ́ọ̀sì tuntun kan tó ń kọjá lọ nawọ́ sí ìwé náà. "Ẹ mú un wá, sà. Ṣé kí n bá yín lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn náà?"