Wọ́n Mọ Ọ̀nà Ilé Zuwayna Nígbà Tí Wọ́n Ń Gba Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀

Zuwayna ọmọ Saif kú lórí ìkúnlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ilé ìwòsàn ńlá wa níbí ní Oman. Ọmọ yè. Ẹ̀jẹ̀ ya lára ìyá, wọn ò sì rí èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọ̀gá dókítà ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ gbọ́ ná, ṣé Ọlọ́run lẹ gbà síṣẹ́ níbi tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí?

Ẹ̀jẹ̀ Zuwayna ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbógun ti ẹ̀jẹ̀ yòówù tí wọ́n bá fà sí i lára, àfi ti ẹni tó bá ní irú tirẹ̀. Òun gan-an a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá ọkọ mi ni ẹ̀jẹ̀ mi jọ," á ní. "Kò fẹ́ àlejò."

Ìyá ọkọ yìí, àbúrò bàbá Zuwayna ni. Màmá náà á pariwo látinú yàrá: "Mo ṣáà gba ìwọ tí o ò mọ iyọ̀ í bù sọ́bẹ̀!"

Lọ́dọọdún ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń wá. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n á máa fi dán ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn wò. Wọ́n á mu kọfí rẹ̀, wọ́n á jẹ àdídùn halwa rẹ̀, wọ́n á bá a ya fọ́tò. Wọ́n ní ìṣúra orílẹ̀-èdè ni. Ìṣúra! Èwo nínú yín ló fi díẹ̀ pamọ́ sínú yìnyín de ìṣúra náà fúnra rẹ̀?

Hilal ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ wọ́n nínú pálọ̀ Zuwayna yẹn.

"Dókítà, ẹ yẹ tèmi náà wò. Ìyá kan, bàbá kan ni wá, ẹbí kan náà sì ni ìyá àti bàbá wa."

Dókítà ń lá halwa lọ́wọ́. "Ó dìgbà mìíràn, Hilal."

Lọ́jọ́ tí Zuwayna ń kú lọ, Hilal wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti ká apá aṣọ sókè.

"Ẹ fà á lára mi!"

"A ò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, sà," nọ́ọ̀sì kan dáhùn.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí!"

"Ẹni tó ń ṣe é ti lọ sípàdé."

"Ìpàdé kí ni?"

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Ti ẹ̀jẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n."

A ti sin Zuwayna kí èsì ẹ̀jẹ̀ Hilal tó dé. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti àbúrò rẹ̀.

Dókítà kan wá kí wa kú ọ̀fọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ yéé fẹ́ ẹbí yín." Ó káre. Òótọ́ ni, ìgbéyàwó ẹbí ló gbé ẹ̀jẹ̀ yẹn wọlé Saif. Òun náà ló gbé irú rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín. Ṣé ìgbéyàwó ẹbí ló di abẹ́rẹ́ mú lọ́wọ́ yín?

Ọ̀gá ilé ìwòsàn, jáde síta. Sọ orúkọ ẹni tó yẹ kó yẹ ẹ̀jẹ̀ Hilal wò, tí kò ṣe é. Ẹ kó gbogbo ọmọ Saif jọ, kí ẹ yẹ tiwọn wò. Rayya, àbíkẹ́yìn wọn, ti lóyún, ọ̀dọ̀ yín náà ló sì máa bí i sí. Ẹ gbé ìkẹ́dùn yín sọ́hùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yìnyín, tí wọ́n kọ orúkọ Rayya sí lára, la fẹ́ fojú ara wa rí kó tó rọbí.