Súbérù Dàásílẹ̀ àti Ọṣẹ Òmìnira

Bí ẹ bá dé ọjà Sakété, tí ẹ béèrè Súbérù olóògbé tó ń ra àgbàdo, kí ẹ tó parí ìbéèrè ni wọ́n á ti máa sọ ti ọjọ́ tó mú kí mèsié kan, ọ̀gbẹ́ni oníṣòwò láti Kútọnu, wẹ̀ láàárín ọjà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí Dàhòmì gbòmìnira nígbà náà. Basile lorúkọ mèsié ọ̀hún. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, ó gun orí àpótí, ó ní òun ò wá ta ọṣẹ o, ọrọ̀ lòun kó wá. Ẹni tó bá ra páálí Ọṣẹ Òmìnira mẹ́wàá ti di aṣáájú nìyẹn. Aṣáájú á mú èèyàn márùn-ún wọlé, àwọn yẹn náà á ra tiwọn, wọ́n á mú èèyàn wá, èrè gbogbo wọn á sì máa gòkè wá bá a níbi tó bá sùn sí. Ọjà ń pàtẹ́wọ́. Súbérù ní òun ní ìbéèrè kan.

"Mèsié, ìwọ fúnra rẹ, ṣé o ti fi wẹ̀ rí?"

Basile rẹ́rìn-ín, ó ní títà ni wọ́n ń tà á. Súbérù ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò, ló bá ránṣẹ́ pomi. Ojú ti pọ̀ jù fún Basile láti sá. Ó bọ́ kóòtù, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń ra ọṣẹ mórí, ọṣẹ ò hó. Nígbà tó máa gbójú sókè, ojú ti pọ́n kankan, ó ń táràrà kiri, kò rí ibi tí aṣọ rẹ̀ wà. Súbérù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, ó ní òun á lọ ronú sí i.

Dàásílẹ̀ ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn aràgbàdo yòókù a ki ọwọ́ bọ ẹnu àpò, wọ́n a bu díẹ̀ wò, wọ́n a sanwó. Ti Súbérù ò rí bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n da àpò náà sílẹ̀ lórí ẹní níṣojú rẹ̀, torí kò sí àgbẹ̀ tó ń fi àgbàdo tí kòkòrò jẹ sí ẹnu àpò. Ògúnṣínà ará Pobẹ̀ fi Ògún búra fún un lọ́jọ́ kan pé àpò tòun mọ́. Súbérù ní òun gbà, ṣùgbọ́n Ògún kọ́ ló di àpò, ẹ dà á. Ṣùkù àgbàdo ló kún ìsàlẹ̀, pẹ̀lú bàtà Ògúnṣínà kan tí wọ́n ti ń wá tipẹ́.

Ká má sọ ti ọjà níná. Ó wọ mọ́tò lọ sí Pobẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ tán, ó ní kí awakọ̀ dín owó kù: nígbà tí wọ́n dúró tún táyà ṣe, ṣebí òun jókòó lásán ni, mọ́tò ò gbé òun lọ síbì kankan. Nígbà tó fẹ́ fẹ́yàwó kejì, ó ná ẹrù ìyàwó títí àwọn àna fi bínú. Ó ní òun ò sọ pé ọmọ wọn wọ́n o, iṣu lòun ń ná.

Màrúfátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí dùn jù. Ó ti gba ti Basile gbọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, tó fi ń jẹun, ló fẹ́ tà kó lè di aṣáájú, ó sì ti bá Marcelline, aránṣọ kan ní Pobẹ̀, sọ ọ́, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni yóò wá gbé e. Ó sunkún délé. Ó ní bàbá òun ti dójú ti òun lójú Basile tó fẹ́ di ọ̀gá òun.

Súbérù ò jà. Ó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ni, kó tà á bó bá wù ú. "Ṣùgbọ́n a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Bá mi dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ná."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aṣáájú àkọ́kọ́ ní Sakété. Ìbéèrè kan náà ni Súbérù ń bi wọ́n nílé kọ̀ọ̀kan: ta lẹ tà á fún? Èyí á ní lágbájá tóun mú wọlé ni. Lágbájá á ní tàmẹ̀dò ni. Wọ́n tọ ipa ọṣẹ náà dé Pobẹ̀, wọ́n tọ̀ ọ́ padà, wọn ò rí ẹyọ ẹnì kan tó rà á láti fi wẹ̀. Ní Ìta-Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà ti tán, nílé opó kan tó ń jẹ́ Berthe. Ọ̀pẹ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi dógò láti ra ọṣẹ náà. Páálí ọṣẹ kún yàrá débi pé ẹnu ọ̀nà lobìnrin náà ń sùn. Kò rí ẹnikẹ́ni mú wọlé. Bó ṣe rí wọn, inú rẹ̀ dùn, ó ní àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọlé?

Súbérù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Màrúfátù, ìsàlẹ̀ àpò rèé o."

Màrúfátù rí i bí ojú Berthe ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Kò ta ẹ̀rọ náà mọ́, kò sì pẹ́ tí wọn ò rí Basile ní Sakété mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ń bọ́ bàbá rẹ̀, ó ń ránṣọ fún un, ó ń kúnlẹ̀ kí i, inú rẹ̀ ò sì yọ́ sí i. Kí ló dé téèyàn á fi opó ṣẹ̀sín nínú ilé ara rẹ̀?

Ó pẹ́ kí Súbérù tó kú. Lọ́jọ́ kẹjọ, tí àwọn àáfà ṣàdúrà tán, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ń sọ ti Basile, wọ́n ń sọ ti táyà, Ògúnṣínà fúnra rẹ̀ ń sọ ti bàtà. Ibẹ̀ ni Berthe ti wọlé pẹ̀lú epo tó gbé wá kí wọn. Ó ní ọjọ́ kejì ọjọ́ ẹ̀rín yẹn, Súbérù dá gun kẹ̀kẹ́ padà wá. Ó béèrè iye tí òun fi ra ọṣẹ náà. Òun sọ ọ́. Ó san án pé, òun sì fi gba ọ̀pẹ òun padà.

Ògúnṣínà ní Súbérù mìíràn ni. Iye wo ló ná an sí?

"Kò ná an. Àánú rẹ̀ tiẹ̀ ṣe mí, mo ní kó ná an díẹ̀. Ó ní òun ò ná an. Ó ní kí n má sọ fún ará Sakété kankan o, pé bí wọ́n bá gbọ́, ọjà bà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nìyẹn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màrúfátù náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dùn ún pé kò mọ̀, ó dùn ún gan-an. Ó dìde lórí àga, ó ní kí Berthe jókòó síbẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ.