Bí Gbajúmọ̀ Ṣe Ṣàánú Ṣáláńgá

Ọkùnrin kan ń ta fóòmù ní òpópónà wa, Gbajúmọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe aráyé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a sì gbà fún un kí ọ̀rọ̀ má baà gùn.

Kò háwọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ lójú, ojú ọ̀hún sì mọ ibi tí onífọ́tò dúró sí. Àwọn arúgbó ló kọ́kọ́ ń ṣaájò. Ó fi wọ́n sílẹ̀ torí pé wọn kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Ló bá yà sọ́dọ̀ wa nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, níbi tí mo ti ń dáná. Ó fún wa ní fóòmù, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára gbogbo wọn. Ó fún wa ní aago ògiri, àwòrán rẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀. Ká tó mọ aago tó lù, àfi ká kọ́kọ́ wo imú Gbajúmọ̀.

Nígbà tí ṣáláńgá wa wó lulẹ̀, wolé-wolé wá, ó fi aṣọ bo imú, ó ní bí a ò bá gbẹ́ òmíràn kí oṣù tó parí, òun á ti ilé náà pa, wọn á sì pín àwọn ọmọ kiri. Àwọn méjì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wọn kì í sùn láì di ara wọn mú. Ọ̀rọ̀ wọn ló dá oorun mọ́ mi lójú.

Màmá tó ń ṣàkóso ilé náà lọ bá Gbajúmọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì tẹ̀ lé e.

Gbajúmọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò ṣe jẹ́ kí n ra bọ́ọ̀lù fún wọn, mà? Ta ló ń ya fọ́tò níwájú ṣáláńgá?"

"Òótọ́ ni," Màmá ní. "Kò burú. Onítáìlì òdìkejì yín ti ní òun máa ṣe é. Ó ní fóòmù nìkan lagbára yín mọ."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọkùnrin yìí. Láti ọjọ́ tí onítáìlì ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ga ju tirẹ̀ lọ, wọn kì í kí ara wọn.

"Onítáìlì wo? Èyí tí mo ṣáájú dé àdúgbò yìí? Ẹ ní kó fọwọ́ wọ́nú. Èmi ni mo ni àwọn ọmọ yẹn."

Ọ̀sẹ̀ ò parí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, tí wọ́n mọ ọ́n, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n sì kọ GBAJÚMỌ̀ sára ilẹ̀kùn. Bí inú bá ń run àwọn ọmọ báyìí, wọ́n á ní àwọn fẹ́ yà sọ́dọ̀ Gbajúmọ̀. Wolé-wolé wò ó, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó pín ọmọ kankan kiri.

Inú mi dùn, inú sì tún bí mi, nítorí ẹkún ọmọ kò gbé ọkùnrin yẹn dìde, ìlara ló gbé e.

Mo bi Màmá pé, "Ìgbà wo lẹ rí onítáìlì, mà?"

"Mi ò tíì rí i," ó ní, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. "Ibẹ̀ ni mò ń lọ yìí. Mo fẹ́ lọ sọ fún un pé Gbajúmọ̀ ní òun ló máa ṣe òrùlé wa tó ń jò."